Ta ló jí àga wa? Ìdáhùn fún ọmọ Ọ̀yọ́ tó fẹ́ kọ ìtàn ìbò ẹkùn ìdìbò wọn

Ìbéèrè tó wọlé sí mi nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ ìlú kúrò nínú ẹ̀ torí ẹni tó kọ ọ́ bẹ̀ mí pé kí n má fi fa wàhálà sóun lọ́rùn: “Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni mo ti wá, lápá ibi tí ìjọba ìbílẹ̀ méjì ti jọ ń pín àga kan nílé aṣòfin n'Ìbàdàn. Bàbá bàbá mi máa ń sọ fún wa pé ní 1979, ọmọ ìlú wa gan-an ló ṣojú wa, UPN, pátì Awólọ́wọ̀, ló bá wọlé, àti pé àga yẹn, tiwa ni. Ní báyìí, ìjọba ìbílẹ̀ kejì ló ń mú un lọ ṣáá, àwọn ọ̀dọ́ wa sì ń sọ pé wọ́n jí àga wa ni. Mo fẹ́ kọ ìtàn ìbò ẹkùn wa láti ayé Awólọ́wọ̀ títí dé 2023 kí gbogbo ayé lè rí i, àmọ́ ibi tí mo bá yà sí, orúkọ ò bára mu, sáà kan ṣoṣo mo rí orúkọ mẹ́ta. Ṣé wọ́n jí i lóòótọ́? Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́?”

Àbúrò mi, mo dúpẹ́ pé o béèrè kó o tó kọ, torí ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ìgbà tí ìjà bá ti bẹ́ tán ni wọ́n ń wá béèrè. Ọ̀rọ̀ “wọ́n jí àga wa” yìí, mo ti ń gbọ́ ọ ó ti pẹ́, láti ìlú kékeré kan dé òmíràn, àfi bí ẹni pé olùkọ́ kan náà ló kọ́ gbogbo wọn. Mo ti ṣe òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ nídìí ìbò nígbà mẹ́rin, mo sì ti jókòó ti fáìlì àtijọ́ débi pé eruku ibẹ̀ ti dá imú mi mọ̀. Ohun tí mo rí ni pé àwọn èèyàn ka ẹkùn ìdìbò sí nǹkan bí ìlú, bí ẹni pé ó ti wà láti ìwáṣẹ̀, ó lórúkọ ó lẹ́nu ààlà, kẹ́nì kan ṣáà má gbé e lọ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìjọba ló ń yà á sórí ìwé, ìjọba mìíràn á dé, á pa á rẹ́, á tún un yà bó ṣe wù ú. Bàbá bàbá ẹ ò purọ́, àga yẹn wà nígbà yẹn, ọmọ ìlú yín sì lè jókòó lé e lóòótọ́. Àmọ́ kò sẹ́ni tó gbé e lọ sílé ara ẹ̀, ńṣe ni wọ́n tú u, wọ́n fi pákó ẹ̀ kan nǹkan mìíràn.

Gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Òfin 1979 ní iye àga tí ìpínlẹ̀ kan bá ní nílé aṣojú-ṣòfin l'Ékòó, tó jẹ́ olú ìlú nígbà yẹn, ìlọ́po mẹ́ta ẹ̀ ni kí àga ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà jẹ́. Ọ̀yọ́ ìgbà yẹn, tí Ọ̀ṣun òní ṣì wà nínú ẹ̀, ní àga 42 l'Ékòó, o wá sọ ọ́ di mẹ́ta, ó di 126. Aṣòfin 126 nílé kan! Ọjọ́ 21 oṣù keje 1979 ni wọ́n dìbò yẹn, UPN kó 117, NPN, pátì Ṣàgàrí, mú 9. Nígbà tó di ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991, ìjọba ológun gé Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́. Ní 1996, wọ́n tún gbogbo ẹkùn pín, òfin 1999 wá dé ó ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin náà ni ṣùgbọ́n ilé aṣòfin kankan ò gbọ́dọ̀ dín ní 24, kò sì gbọ́dọ̀ ju 40. Lónìí Ọ̀yọ́ ní 32, Ọ̀ṣun ní 26, pa á pọ̀, 58. Ilẹ̀ kan náà o, àwọn èèyàn orí ẹ̀ sì ti pọ̀ sí i, àga ti ti 126 wálẹ̀ sí 58. Ìyẹn ni pé tó o bá mú àga méjì ayé bàbá bàbá ẹ, ó lé ní ẹyọ kan tó ti pòórá. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan, Ògùn ti orí 36 bọ́ sí 26, Oǹdó tó ní 66 nígbà tí Èkìtì ṣì wà nínú ẹ̀, àwọn méjèèjì pa pọ̀ lónìí 52 ni. Èkó nìkan ló lọ sókè, 36 di 40. Torí náà ìlú tó ń dá aṣòfin ní lọ́dún 1979, tó wá ń bá ìlú mẹ́wàá mìíràn fa ẹnì kan lónìí, kò ní láti jẹ́ pé olè ja ibẹ̀.

Ti ẹkùn tìẹ wá ni, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ méjì lórí àga kan. Àwọn èèyàn máa ń rò pé wọ́n dìídì fi ìyà jẹ àwọn ni, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ wà níbẹ̀. Ọ̀yọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ 33, àga 32. Tí wọ́n bá pín in ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan péré ni ò bá má rí, àmọ́ wọn ò pín in bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún márùn-ún ní méjì méjì: Akínyẹlé, Ìbàdàn North, Ìbàdàn North East, Ìbàdàn South East àti Ìbàdàn South West. Kí ìṣirò tó lè jẹ́ 32, wọ́n wá ní láti so méjìlá pọ̀ ní méjì méjì: Ibarapa Central pẹ̀lú Ibarapa North, Irẹpọ̀ pẹ̀lú Ọlọ́runṣògo, Ìsẹ́yìn pẹ̀lú Ìtẹ̀síwájú, Ògo-Olúwa pẹ̀lú Súrùlérè, Ọ̀yọ́ East pẹ̀lú Ọ̀yọ́ West, Ṣakí East pẹ̀lú Àtìsbò. Ẹ ka ara yín mọ́ ọ̀kan nínú mẹ́fà yìí. Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni Ìbàdàn North West, àárín ìgboro ló wà, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ìgboro mẹ́rin yòókù ní méjì méjì, òun ní ẹyọ kan, mo sì ti pàdé ọmọ ibẹ̀ tó ń sọ “wọ́n jí àga wa” bíi tìẹ gẹ́lẹ́. Tún ṣọ́ra fún orúkọ o, torí Ògo-Olúwa/Súrùlérè tí mo dárúkọ yẹn, orúkọ ẹkùn sí Ìbàdàn ni, orúkọ ẹkùn sílé aṣojú-ṣòfin l'Abuja náà ni, ilẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì. Ẹni tí ò bá fara balẹ̀, á gbé orúkọ ọnọ́rébù Abuja sórí lísìtì Ìbàdàn, á máa wá jà pé ẹlẹ́yìí ò ṣe sáà yẹn.

Ìtàn tó o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ayé Awólọ́wọ̀ ńkọ́? Ó ṣe é kọ, àmọ́ má fà á bí okùn kan ṣoṣo láti 1951 dé òní. Ní 1951, àga 80 ló wà nílé aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn, kò sì sí ìbò tààrà, àwọn ará àdúgbò yan àwọn tó máa lọ yan ẹlòmíràn, àwọn yẹn ló wá mú aṣòfin. Orúkọ pátì tí wọ́n sì ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn aṣòfin ọdún yẹn, títí dòní ni wọ́n ń bá ara wọn jà lé e lórí, torí ọ̀pọ̀ wọlé pẹ̀lú ẹgbẹ́ ìlú wọn kí wọ́n tó lọ dara pọ̀ mọ́ Action Group (AG) tàbí NCNC. Wo Ìbàdàn, Ibadan People's Party ló kó àga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ibẹ̀, Adégòkè Adélabù nìkan ló dúró ti NCNC nínú wọn. Tó o bá wá kọ ọ́ pé “Ìbàdàn, 1951, AG”, ṣé irọ́ ni àbí òótọ́? Ìgbà tó o bá ń wò ló máa sọ. 1956 ló dán mọ́rán díẹ̀, 80 náà ni, AG mú 48, NCNC mú 32. Lẹ́yìn ìyẹn ni gbogbo nǹkan dàrú, ìjà bẹ́ nínú ilé lọ́jọ́ 25 oṣù karùn-ún 1962, wọ́n kéde pàjáwìrì, ilé ò jókòó títí ọdún fi parí, wọ́n gé Mid-West kúrò ní 1963, ìgbà tó sì fi máa di ìbò ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá 1965, àga 94 ni wọ́n ń jà sí. Ìbò yẹn lábọ̀ méjì, èyí tí ìjọba kéde pé Dẹ́mọ́, pátì Akíntọ́lá, wọlé, àti èyí tí Alhaji D. S. Adégbẹ́nró kéde pé UPGA, àjọṣe AG àti NCNC, wọlé tí wọ́n fi mú un. Wọ́n tún ní àwọn kan wọlé láì ní alátakò, tí ẹni tó fẹ́ bá wọn du ú kò rí ibi fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Tó o bá rí orúkọ méjì fún 1965, kọ méjèèjì sílẹ̀, kó o sọ ẹni tó kéde ìkọ̀ọ̀kan. Wẹ́tìẹ̀ tó tẹ̀ lé e, rògbòdìyàn tí wọ́n ti ń dáná sun ilé àti èèyàn, o ti gbọ́ ìyẹn nílé yín.

Àwọn àgbà tó o máa lọ bá, má bi wọ́n léèrè ọdún. Mo ti fi ìyẹn ṣòfò ọjọ́ púpọ̀. Màmá kan wà tí mo bi pé ọdún wo ni ọkùnrin báyìí wọlé, wọ́n ní ọdún tí àwọn já àkọ́bí àwọn lẹ́nu ọmú ni. Mo yí i padà, mo ní àwòrán wo ni ẹ dìbò fún, ojú wọn mọ́lẹ̀ kíá, wọ́n ní inú àpótí ọlọ́pẹ làwọn ju ìwé àwọn sí, ìyáálé àwọn lọ ju tiẹ̀ sínú àpótí alákùkọ, àwọn méjèèjì ò sì jọ dáná fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Mo ti rí ohun tí mo ń wá nìyẹn. Ọ̀pẹ ni AG, àkùkọ ni NCNC, àpótí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún pátì kọ̀ọ̀kan tún sọ fún mi pé ṣáájú 1966 ni, torí láti 1979 lọ, títẹ̀ka sórí bébà kan náà ló kù, àyàfi ìgbà tí wọ́n ní kí èèyàn tò sẹ́yìn àwòrán. Tí wọ́n bá sọ pé ilé àti àgbàdo, NPN nìyẹn. Tí wọ́n bá ní àwọn tò sí ẹ̀yìn àwòrán ẹṣin nínú oòrùn, SDP ni, 1991 ni. Ìràwọ̀, AD, ayé 1999. Ìgbálẹ̀ àti abùradà, o mọ ìyẹn fúnra ẹ. Ojú máa ń rántí àwòrán nígbà tí orí bá ti gbàgbé ọdún.

Àwọn ibi tó ṣófo nínú lísìtì náà, má wá nǹkan dí i. Láti oṣù kìíní 1966 títí dé 1979, kò sí ilé aṣòfin, sójà ló wà níbẹ̀. Àwọn tó wọlé ní 1983, oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n lò kí ológun tó tún gbàjọba lọ́jọ́ 31 oṣù kejìlá, mo sì ti rí ibi tí wọ́n kọ wọ́n sí pé “1983 sí 1987”, bí ẹni pé sáà náà pé. Àwọn tó wọlé lọ́jọ́ 14 oṣù kejìlá 1991, ìbẹ̀rẹ̀ 1992 ni wọ́n jókòó, Abacha sì tú wọn ká ní oṣù kọkànlá 1993, kò tó ọdún méjì. Ohun kan tún wà tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Àwọn gómìnà ìjọba alágbádá kejì ń dá ìjọba ìbílẹ̀ tuntun sílẹ̀ nígbà yẹn, Buhari dé ní 1984, ó fagi lé gbogbo wọn, ó dá a padà sí 301 káàkiri Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ló tún di 589 ní 1991, ó di 774 ní 1996. Bàbá kan lè máa búra fún ẹ pé ìlú àwọn ti jẹ́ olú ìjọba ìbílẹ̀ rí, kí wọ́n sì sọ òótọ́, àmọ́ kí ẹ̀mí nǹkan náà má ju ọdún mélòó kan lọ.

Láti 1999 ni lísìtì ti wá le mú dáadáa: ọjọ́ 9 oṣù kìíní 1999, ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún 2003, ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 2007, ọjọ́ 26 oṣù kẹrin 2011, ọjọ́ 11 oṣù kẹrin 2015, ọjọ́ 9 oṣù kẹta 2019, ọjọ́ 18 oṣù kẹta 2023. Wo 2003 dáadáa, òun nìkan ni wọ́n ti ya ìbò aṣòfin ìpínlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti gómìnà, ó ku àwọn aṣòfin nìkan lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí gómìnà ti wọlé. Mo jókòó sídìí tábìlì lọ́jọ́ yẹn, oorun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wa lọ, àwọn èèyàn ti sọ pé ẹni tó máa jẹun ti jẹun. Àwọn ìbò yòókù, gómìnà ló ń wọ́ aṣòfin wọlé, ẹni tó bá ti tẹ̀ka fún àwòrán kan lórí bébà gómìnà, àwòrán kan náà ló máa ń wá lórí ìkejì, kò tiẹ̀ wo orúkọ. Ìdí nìyí tí n kì í fi í gbà fún ẹni tó bá ń sọ pé “àwọn ará ẹkùn wa yí ọkàn padà ní 2003, wọ́n kọ AD.” AD fúnra ẹ̀ ò fa ẹnikẹ́ni kalẹ̀ fún ààrẹ lọ́dún yẹn nítorí Ọbásanjọ́, PDP gbá gbogbo ilẹ̀ Yorùbá àyàfi Èkó, ẹkùn yín bá omi lọ ni. Tó o bá fẹ́ mọ ohun tí ará ẹkùn yín rò nípa ẹni náà gan-an, fi iye ìbò ẹ̀ wé iye ìbò gómìnà pátì ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù kan náà, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni kó o máa wò. Ní Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì, o ò lè ṣe èyí mọ́, torí kóòtù ti yí ọjọ́ ìbò gómìnà wọn kúrò lára ti gbogbo ayé.

Ní ti orúkọ mẹ́ta nínú sáà kan, ó ṣeé ṣe kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ òótọ́. INEC kéde ẹnì kan, ó búra, ó wọlé. Alátakò lọ sí tribunal, ìyẹn ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìbò, láàrin ọjọ́ 21, tribunal ní ọjọ́ 180, kòtẹ́milọ́rùn ní ọjọ́ 60, tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn bá sì ti sọ̀rọ̀ lórí ẹjọ́ ìbò aṣòfin, ó parí, kò sí Supreme Court fún un. Wọ́n lé ẹni àkọ́kọ́, ìkejì jókòó. Ìkejì kú tàbí ó kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, wọ́n tún ìbò dì fún àga yẹn nìkan, ìkẹta wọlé. Ayé 2007 tiẹ̀ burú jù, torí òfin tó dá ọjọ́ lé ẹjọ́ ò tíì wá, ẹlòmíràn lè ti lo sáà tó fẹ́ẹ̀ẹ́ pé kí kóòtù tó sọ fún un pé kì í ṣe òun. Tó o bá fẹ́ mọ bó ṣe lè korò tó, wo Plateau lẹ́yìn ìbò 2023, kòtẹ́milọ́rùn yọ aṣòfin PDP 16 kúrò lórí ọ̀rọ̀ pé pátì wọn ò ní ètò tó bófin mu, ẹjọ́ kan náà yìí lórí gómìnà wọn dé Supreme Court ní oṣù kìíní 2024, wọ́n ní kòtẹ́milọ́rùn ṣìnà, gómìnà jókòó, àwọn 16 yẹn ò rí ọ̀nà padà torí ẹjọ́ tiwọn ti parí níbi tó parí sí. Yàtọ̀ sí kóòtù, ẹnì kan lè wọlé lórí abùradà kó parí sáà lórí ìgbálẹ̀. Tí ìwé kan bá pè é ní PDP, tí òmíràn pè é ní APC, èèyàn kan náà ni. Nínú ìwé tìẹ, ya ààyè mẹ́ta fún sáà kọ̀ọ̀kan: ẹni tí wọ́n kéde, ẹni tó jókòó gan-an àti láti ọjọ́ wo sí ọjọ́ wo, pátì tó bá wọlé àti èyí tó bá jáde.

Èyí tó kù ni pé kí ló dé tó fi jẹ́ apá kejì ló ń mú un ṣáá. Níbí, mi ò lè bá ẹ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, mi ò sí nípàdé pátì yín, tí àdéhùn “ẹ ṣe díẹ̀ ká ṣe díẹ̀” bá sì wà láàrin ẹ̀yin méjèèjì, ẹnu ni wọ́n fi ṣe é, kò sí nínú òfin kankan. Àmọ́ ohun tí ojú mi rí níbòmíràn ni mo lè sọ. Gbogbo èèyàn ló máa ń sọ pé “wọ́n pọ̀ jù wá lọ.” Wọ́ọ̀dù 351 ló wà ní Ọ̀yọ́, tó o bá pín in fún 33, ó ń lọ bíi mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, níbi tí pátì bá sì ti ń lo délígéètì, ìyẹn aṣojú, nínú ìbò abẹ́lé tí wọ́n fi ń yan ẹni tí wọ́n máa fà kalẹ̀, wọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń wá. Nídìí irú ìbò abẹ́lé bẹ́ẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ sí pé ẹnì kan pọ̀ ju ẹnì kan lọ. Mo wà níbi ìbò abẹ́lé kan ní gbọ̀ngàn ilé ìwé, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ mẹ́rin sójú bọ́ọ̀dù, mẹ́ta wá láti ìjọba ìbílẹ̀ kan, ẹyọ kan wá láti èkejì. Àwọn mẹ́ta yẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ jù ú sílẹ̀ fún ẹnì kejì, ọmọ ìyá kan náà tiẹ̀ ni méjì nínú wọn. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, tó o bá pa ti àwọn mẹ́ta pọ̀, ó fi ọ̀nà jíjìn ju ti ẹnì kan yẹn lọ, ẹnì kan yẹn ló sì wọlé. Ní ìta, ṣe ló ku kí wọ́n máa sunkún pé àwọn yẹn ti jí àga àwọn. Lọ wádìí iye ẹni tó jáde láti ọ̀dọ̀ yín níbi ìbò abẹ́lé kọ̀ọ̀kan láti 1999, mo fẹ́ kó o fi ìyẹn sínú ìwé ẹ ju orúkọ àwọn tó wọlé lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ yín á fẹ́ mọ ohun tí wọ́n lè ṣe. Wọ́n lè kọ̀wé sí INEC pé kí wọ́n ya ẹkùn náà sí méjì. Òfin fàyè gbà á lórí ìwé, torí Ọ̀yọ́ ní àga 14 l'Abuja, ìlọ́po mẹ́ta ẹ̀ 42, òfin ní kó má ju 40, 32 ni ẹ ní, ààyè mẹ́jọ ṣì wà. Àmọ́ INEC ló máa tún un pín, ilé aṣòfin àpapọ̀ l'Abuja gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú, tí wọ́n bá tiẹ̀ buwọ́ lù ú lónìí, ó di ìgbà tí sáà ilé tó wà níbẹ̀ bá parí kó tó ṣiṣẹ́. Láti 1996 wọn ò tíì tún gbogbo ẹ̀ pín, ní gbogbo Nàìjíríà 990 ló wà ní 1999, 993 ló wà ní 2023, ìyàtọ̀ mẹ́ta péré. Èyí tó tún máa dùn yín ni pé òfin ní kí iye èèyàn inú ẹkùn kọ̀ọ̀kan súnmọ́ra. Ìkànìyàn 2006 ka 5,580,894 ní Ọ̀yọ́, tó o bá pín in fún 40, ó lé díẹ̀ ní 139,000 fún àga kan. Lọ wo iye tí wọ́n kà lọ́dọ̀ yín kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, torí tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn yẹn, ìgboro Ìbàdàn ló máa kọ́kọ́ sáré wọlé, wọ́n sì lè so ẹ̀yin pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn sí i. Lótìítọ́, òfin yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ níbi tó yẹ kó ti múlẹ̀. Àlímọ̀ṣọ́ l'Ékòó, wọ́n ka èèyàn 1,277,714 níbẹ̀ ní 2006, àga méjì ló ní. Ẹ̀pẹ́ ní 181,409, àga méjì.

Ọ̀nà kejì ni kẹ́ ẹ bá apá kejì jókòó, kẹ́ ẹ ṣe àdéhùn pé sáà méjì sí ibí, sáà méjì sí ọ̀hún. Èmi ò kórìíra ẹ̀, àmọ́ mo ti rí i tó bàjẹ́ ju ìgbà tó dúró lọ, torí pátì kan ló ń ṣe é, pátì kejì ò sí nínú ẹ̀, tí gómìnà tuntun bá sì ti dé, ó di “ta ló bá yín ṣe ìyẹn?” Èyí tó wà lọ́wọ́ yín gan-an ni kẹ́ ẹ jókòó sílé yín kí ọjọ́ ìbò abẹ́lé tó pé, kẹ́ ẹ mú ẹnì kan. Ó rọrùn lẹ́nu, mo mọ̀.

Tó o bá ti ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, ilé ìkówèépamọ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni kó o kọ́kọ́ lọ fún ayé ṣáájú 1966, gbé ìwé àjákọ àti pẹ́ńsùlù lọ́wọ́. Ìwé ìròyìn Tribune ti wà láti 1949, Daily Sketch láti 1964, wọ́n máa ń tẹ lísìtì àwọn tó wọlé jáde ní ọ̀sẹ̀ ìbò, àmọ́ ka méjèèjì pọ̀ ni o, torí ẹni tó ni ìwé ìròyìn ló ń mọ ẹni tó wọlé ní 1965. Fún 1999 títí dé 2019, ọ́fíìsì INEC ìpínlẹ̀ ni, kọ̀wé sí wọn pé fọ́ọ̀mù EC8E ẹkùn yín lo fẹ́, èyí tí wọ́n fi kéde ẹni tó wọlé, tí wọ́n bá sì fún ẹ ní EC8B ti wọ́ọ̀dù, ọpẹ́ ló yẹ kó o dá. Ti 2023 wà lórí IReV, ojú òpó tí INEC ń gbé àbájáde ìbò sí, o lè fi fóònù wo EC8A ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan. Ẹkùn ìdìbò aṣòfin ìpínlẹ̀ bíi tiyín ni wọ́n tiẹ̀ ti kọ́kọ́ dán IReV wò, Nasarawa Central, ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ 2020, bẹ́ẹ̀ náà ni BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dá olùdìbò mọ̀, Isoko South 1 ní Delta, oṣù kẹsàn-án 2021. Má fi ibùdó wé ibùdó láàrin 2019 àti 2023 o, torí wọ́n sọ ibùdó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 120,000 di 176,846 ní 2021, ibi tí bàbá ẹ ti dìbò lè ti pín sí mẹ́ta. Wọ́ọ̀dù ni kó o fi wé wọ́ọ̀dù. Tó o bá ti rí EC8E àkọ́kọ́ gbà, ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ká jọ wò ó, torí ìwé wọn máa ń ṣì ìṣirò nígbà míràn, mo sì ní ojú fún un.